Àpò Gàrí Mẹ́fà

Físíìsì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní Yaba. Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, mo gbé bàsíà òfìfo sílẹ̀ ní kíláàsì, mo ní kí wọ́n fi okùn fà á. Ó ń tẹ̀lé wọn wọ́ọ́rọ́wọ́. Mo wá gbé búlọ́ọ̀kù méjì sínú rẹ̀, wọ́n fà á títí, kò mì. Mo ní, "Bí ẹrù bá ṣe wúwo tó, bẹ́ẹ̀ náà ni agbára tó máa sún un ṣe máa pọ̀ tó." Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé. Èmi náà rò pé mo mọ̀ ọ́n.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, nílé wa ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó, bàbá mi ò lè mí délẹ̀ mọ́. A gbé wọn jókòó síwájú ọkọ̀ mi, mo ṣáná sí i, bátìrì ti kú. Àfi ká tì í. Àpò gàrí mẹ́fà ló sì wà nínú ọkọ̀ náà. Àbúrò mi obìnrin ló fi ọkọ̀ náà kó wọn dé láti Ìjẹ̀bú nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ yẹn, a ò sì fọwọ́ kàn wọ́n, torí pé nílé wa, ohun tó bá ti ìlú dé, bàbá ló gbọ́dọ̀ dúró tì í kí á tó gbé e sọ̀, àwọn ló sì máa pín in fún àwọn ará àdúgbò.

Àbúrò mi di sítíárìn mú, èmi àti aládùúgbò wa kan ń tì í lẹ́yìn. Ó yí díẹ̀, ó dúró. Àbúrò mi yọrí síta: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká kó gàrí yẹn kalẹ̀ náà!"

Mo jágbe mọ́ ọn: "Gàrí Dádì lo fẹ́ kó kalẹ̀? Kò sáyè jàre! Di sítíárìn ẹ mú!"

Olùkọ́ físíìsì rèé o. A tì í fún bí ogún ìṣẹ́jú. Bàbá mi di àyà mú, wọ́n ń wò mí nínú dígí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Ìgbà tí àwọn ọkùnrin mẹ́rin sáré wá láti òdìkejì títì ni ọkọ̀ tó jí. Nígbà tí a fi dé ilé ìwòsàn ní Ìdí-Àràbà, ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Inú ń bí mi sí ara mi títí dòní. Lẹ́yìn tí a sin wọ́n tán, èmi nìkan ni mo lọ wọ́ àpò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà jáde. Mo wo aago nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, mo tún wò ó nígbà tí mo parí. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún.