Bàbá Ambrose Kò Jẹ́ Kí Lẹ́tà Kọlu Lẹ́tà

Wọ́n ní Bàbá Ambrose ti ń ya wèrè. Gbogbo àdúgbò wa ní Èbúté Mẹ́ta ló ń sọ ọ́, títí kan ẹni tí kò tiẹ̀ mọ ilé rẹ̀. Wọ́n ní ó dìde láàárín kíláàsì kọ̀ǹpútà, ó na ọwọ́ méjèèjì, ó ń pariwo mọ́ lẹ́tà inú láptọ́ọ̀pù pé kí wọ́n dúró, pé ẹ̀mí èèyàn wà nínú ewu.

Ó dìde lóòótọ́. Ó nawọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n wèrè kọ́, iṣẹ́ ni. Ògiri kan ló wà láàárín yàrá tèmi àti tiẹ̀, ẹnu òun fúnra rẹ̀ ni mo sì ti gbọ́ ọ.

Rélùwéè ni Bàbá ti fẹ̀yìn tì. Kì í ṣe awakọ̀ o. Òun lẹni tó máa ń jókòó sínú ilé kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin, tó máa sọ fún ọkọ̀ pé kó máa bọ̀ tàbí kó dúró. Nígbà yẹn, irin ẹyọ kan ni ọkọ̀ tó ń lọ àti èyí tó ń bọ̀ jọ ń lò. Awakọ̀ tí Bàbá kò bá tíì fún ní òrùka irin ńlá kan kò gbọdọ̀ kúrò lójú kan, ìbáà ṣe gómìnà ló wà nínú ọkọ̀ náà. Òrùka yẹn ló ń jẹ́rìí pé kò sẹ́lòmíì lọ́nà. Ohun tí Bàbá fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe nìyẹn: kí nǹkan méjì má ṣe kojú ara wọn lórí irin kan.

Evelyn ọmọ rẹ̀, tó ń gbé Ìbàdàn, wá dé lọ́jọ́ kan, ó bá ìkòkò tó ti jóná lórí sítóòfù. Bàbá wà lójú fèrèsé, ó ń tẹ́tí sí rélùwéè. Evelyn ní ó tó gẹ́ẹ́, Dádì òun ti ń gbàgbé nǹkan jù, Ìbàdàn ni wọ́n jọ ń lọ. Bàbá ní orí òun pé. Evelyn ní kó fi hàn òun kóun rí i. Bọ́rọ̀ ṣe di ti kíláàsì nìyẹn, èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ṣọ́ọ̀ṣì ń kọ́ àwọn àgbà lọ́fẹ̀ẹ́. Tí Bàbá bá yege, kó máa gbé yàrá rẹ̀. Tí kò bá yege, kó kẹ́rù.

Jael ni olùkọ́ wọn, ọmọbìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Yábàá. Ó ní kí wọ́n kọ kóòdù, ìyẹn àṣẹ tí ẹ̀rọ máa tẹ̀ lé, tó máa yẹ ọ̀rọ̀ wò bóyá ìkan náà ni téèyàn bá kà á láti iwájú àti téèyàn bá kà á láti ẹ̀yìn. Bí OTO, àdúgbò tó wà nítòsí wa níbí. Bí ABBA tí à ń gbàdúrà sí.

"Ẹ máa mú lẹ́tà kan láti iwájú," Jael ní, "ẹ tún mú ìkan láti ẹ̀yìn. Wọ́n á jọ máa bọ̀ títí wọ́n á fi pàdé láàárín."

Ibẹ̀ ni Bàbá ti dìde.

"Lórí ìlà kan náà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Lẹ́ẹ̀kan náà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Ta ló fún wọn lọ́nà?"

Jael wo ẹ̀rọ, ó wo Bàbá. "Èmi ni, sà."

"Ọmọdé ni ẹ́, mi ò bá ẹ wí." Ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú. "Ẹ dá wọn dúró."

Alàgbà Rótìmí tó jókòó tì í rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́. "Ambrose, lẹ́tà ni o, kì í ṣe ọkọ̀. Ta ló wọ̀ ọ́?"

"Ṣé ìwọ lo bojú wo inú rẹ̀?"

Bàbá délé, ó rò ó. Ó rí i pé OTO kò burú, torí T tó wà láàárín dà bí ibùdókọ̀; ọkọ̀ kan lè yà síbẹ̀ kó dúró de èkejì. Ṣùgbọ́n ABBA kò ní ibùdókọ̀ kankan. B kojú B gbáko. Bó ṣe kọ kóòdù tiẹ̀ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ tó bá ní lẹ́tà àárín, á yẹ̀ ẹ́ wò. Èyí tí kò bá ní, á kọ ọ́ síta pé Ọ̀NÀ KÒ MỌ́, á sì dúró. Ní kíláàsì tó tẹ̀ lé e, Jael tẹ ABBA sí i láti dán an wò. Ẹ̀rọ dúró. Àwọn náà dúró.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kí là ń dúró dè?"

"Ìròyìn láti ibùdókọ̀ tó kàn."

Báyìí ni wọ́n wà títí bátìrì fi kú.

Ọjọ́ ìdánwò pé. Evelyn gbé ọkọ̀ akẹ́rù wá láti Ìbàdàn, ó ní kí awakọ̀ dúró níta, ó wá jókòó sẹ́yìn gbọ̀ngàn. OTO yege. Ó kan ABBA, ẹ̀rọ ní ọ̀nà kò mọ́.

Evelyn dìde. "Dádì, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọlura. Lẹ́tà ni."

"Mi ò lè fọwọ́ sí i, Evelyn."

"Ṣé ẹ mọ̀ pé ọkọ̀ wà níta?"

Bàbá mọ̀. Ó ń gbọ́ ìró rẹ̀. Ó rò ó pé tóun bá dé Ìbàdàn, mọ́tò ọmọ òun lòun á máa wò lójú fèrèsé, kì í ṣe rélùwéè. Ó fa láptọ́ọ̀pù mọ́ra, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ ní ìka kọ̀ọ̀kan. Ó ní kí ẹ̀rọ da ọ̀rọ̀ náà kọ lódindi sórí ìlà kejì, láti ẹ̀yìn wá síwájú, kó wá fi ìlà méjèèjì wéra. Irin méjì, ọkọ̀ méjì, kò sẹ́ni tó máa kan ẹnì kan. Ó dìde, ó yọ áńkáṣíìfù aláwọ̀ ewé, ó gbé e sókè dáadáa bí àsíá tí wọ́n fi ń fún ọkọ̀ lọ́nà, kó tó tẹ bọ́tìnnì.

Ẹ̀rọ ní BẸ́Ẹ̀ NI.

"Bàbá," Jael ní, "ohun tí mo kọ́ yín lọ́jọ́ àkọ́kọ́ nìyí. Ẹ ò wá lọ́jọ́ yẹn."

"Ìsìnkú ni mo lọ."

Evelyn kò jókòó. "Ṣé ó yege?"

"Ó yege, mà."

"Tòun ti áńkáṣíìfù yẹn?"

"Kóòdù ò rí áńkáṣíìfù, mà."

Evelyn kì í ṣẹ̀tàn, ó gbà. Àfi pé nígbà tí wọ́n jáde, awakọ̀ ti lọ. Evelyn ti ní kí wọ́n kọ́kọ́ di bẹ́ẹ̀dì Bàbá sọ́kọ̀ kí wọ́n tó wá síbi ìdánwò. Ìdúró sì sú awakọ̀, ó gbé e lọ sí Ìbàdàn. Láti ìgbà náà, inú yàrá tí Evelyn ti tún ṣe sílẹ̀ fún Bàbá ni bẹ́ẹ̀dì wà, wọ́n ti tẹ́ aṣọ sí i. Evelyn ní òun ò rí ọkọ̀ tó máa gbé e padà, kí Bàbá wá mú un fúnra rẹ̀.

Mo kí i lánàá, mo bi í léèrè ẹ̀yìn tó ń dùn ún. Ó fa ilẹ̀kùn mọ́ra díẹ̀.

"Ìyá Lateefah," ó ní, "tí Evelyn bá pè ẹ́, sọ pé mo ti ra bẹ́ẹ̀dì tuntun. Tó bá gbọ́ pé orí ẹní ni mò ń sùn, á ní kí n máa bọ̀ wá bá tèmi ní Ìbàdàn."