Orúkọ Mi Lára Ògiri Àlàájì

Òtútù káfè kọ̀ǹpútà yẹn ni mo máa ń kọ́kọ́ rántí. Téèyàn bá ti inú oòrùn Albert Market wọlé síbẹ̀, ara rẹ̀ á gbọ̀n rìrì. Ìgbà tí kọ̀ǹpútà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ̀ ní Banjul, lórílẹ̀-èdè Gambia, ni, tí fóònù alágbèéká ò tíì dé ọwọ́ gbogbo èèyàn. Ó ti pé ọdún mẹ́fà tí èmi àti ọkọ mi ti kó wá láti Nàìjíríà, tí a jọ ń ta aṣọ. Ìwé-ẹ̀rí iṣẹ́ akọ̀wé tí mo gbà nílé ẹ̀kọ́ wà nísàlẹ̀ àpótí, lábẹ́ aṣọ àwọn ọmọ. Mo fẹ́ràn ọkọ mi, mi ò kórìíra aṣọ títà, àmọ́ kí n má parọ́, ìgbàkigbà tí mo bá ṣí àpótí yẹn, inú mi máa ń bàjẹ́.

Nígbà tí mo wá gbọ́ pé ilé ìkẹ́rùsí kan ní Kanifing ń wá akọ̀wé, mi ò fi falẹ̀ rárá. Wọ́n ní í-méèlì ni kí oníkálukú fi kọ̀wé. Èmi tí mi ò ní í-méèlì rí láyé mi! Mo wé gèlè, mo lọ bá ìyá tó ni káfè. Akú ni ìyá yìí, ọmọ àwọn ìdílé àtijọ́ tí baba ńlá wọn ti Freetown wá. Èdè tiwọn kì í ṣe Yorùbá, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wa fọ́n ká sínú rẹ̀, èmi àti ìyá náà sì máa ń gbọ́ra wa yé.

Ó jókòó tì mí, ó ní orúkọ wo ni kí òun kọ síbẹ̀. Mo dá a lóhùn kíá pé, "Ìyá Ìbejì."

Ó wò mí láti òkè awò ojú rẹ̀. Ó ní, "Orúkọ wo ni wọ́n fún ẹ níjọ́ kọ́mọjáde rẹ?"

Kọ́mọjáde! Ọ̀rọ̀ tí màmá màmá mi máa ń lò nílé, lẹ́nu Akú, ní Banjul! Ó dùn mọ́ mi débi pé ọ̀rọ̀ yẹn nìkan ni mo gbọ́, mi ò gbọ́ ìbéèrè. Mo ní, "Ẹ ṣáà kọ Ìyá Ìbejì, mà. Kò sẹ́ni tí ò mọ̀ mí." Òótọ́ sì ni. Láti ọjọ́ tí mo ti bí Táyé àti Kẹ́hìndé, kò sẹ́ni tó tún pè mí ní nǹkan mìíràn. Àwọn aláàárù tó jẹ́ Wolof pàápàá, Ìyá Ìbejì ni wọ́n ń pè mí. Orúkọ wo ló tún wá níyì ju ìyẹn lọ? Kọ̀ǹpútà ní ẹnì kan ti gba orúkọ náà. Ta ni? Inú bí mi o! Mo ní kí ìyá fi nọ́ńbà ìsọ̀ wa kún un kí àwọn èèyàn lè mọ ojúlówó. A fi ìwé-ẹ̀rí mi sí i, a fi nọ́ńbà fóònù Àlàájì sí i, ìyẹn bàbá Yorùbá tó ń ta ìṣó àti kọ́kọ́rọ́ níwájú ìsọ̀ wa. Mo jáde níbẹ̀ bí ẹni tó ti gba iṣẹ́.

Mo retí títí, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Nígbà tó sú mi, mo wọkọ̀ lọ sí Kanifing. Ọ̀dọ́bìnrin tó wà níwájú ọ́fíìsì yẹ ìwé wò. Ó ní, "Ọ̀gá wa fẹ́ràn ìwé yín o. Ṣùgbọ́n orúkọ tó wà lórí í-méèlì kọ́ ló wà nínú ìwé-ẹ̀rí. Wọ́n ní kí n fóònù, kí n béèrè ẹni tó ni ìwé-ẹ̀rí. Bàbá kan ló gbé e, ó ní kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn." Wọ́n ti gba ẹlòmíì. Ó káàánú mi, ó ní, "Ndeysaan," ó sì ní àyè mìíràn máa ṣí sílẹ̀ lẹ́yìn òjò, kí n tún kọ̀wé, àmọ́ kí n fi orúkọ ara mi kọ ọ́.

Mo sunkún nínú ọkọ̀ títí a fi kọjá Mile Two. Ọ̀dọ̀ Àlàájì ni mo gbà lọ tààrà.

"Àlàájì, ẹ sọ pé kò sí mi!"

"Èmi kẹ̀? Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

Mo dárúkọ ara mi fún un. Ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. "Ṣé ìwọ ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀? Yéè! Mo rò pé wọ́n ṣi nọ́ńbà pè ni!"

Ọdún mẹ́fà tí a ti jọ ń jẹ sàráà nínú abọ́ kan náà. Mo fẹ́ bínú sí i, àmọ́ ìgbà wo ni mo sọ ọ́ fún un rí?

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, mo ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, kí ni orúkọ mi?" Ọkọ mi bú sẹ́rìn-ín. Ó wo ojú mi, ó rí i pé mi ò ṣàwàdà. Ó wá pe orúkọ mi, ó fi ti bàbá mi tẹ̀ lé e, ó sì fi oríkì mi parí ẹ̀. Omi lé ròrò sí mi lójú. Mo ní ṣé kí n kọ orúkọ tirẹ̀ ni, àbí ti bàbá mi.

"Èwo ló wà nínú ìwé-ẹ̀rí?"

"Ti bàbá mi."

"Òun ni kó o kọ. O ti gba ìwé yẹn kí n tó mọ̀ ẹ́."

Ní ọjọ́ kejì, ìyá Akú ṣí í-méèlì tuntun fún mi, orúkọ mi àti ti bàbá mi gbalaja, kò sí nọ́ńbà ìsọ̀ kankan níbẹ̀. "Ẹ̀n-hẹ́n!" ni gbogbo ohun tó sọ. Àlàájì ní tirẹ̀ kọ orúkọ náà gàdàgbà sórí bébà, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ìsọ̀ rẹ̀, ó ní àgbà ti ń dé, òun ò fẹ́ gbàgbé lẹ́ẹ̀kejì. Mo fi orúkọ náà kọ́ àwọn ìbejì.

Òjò lọ tán, mo tún kọ̀wé sí Kanifing. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo ń ka yáàdì aṣọ fún oníbàárà, Àlàájì bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo orúkọ obìnrin kan jákèjádò ọjà, fóònù lọ́wọ́. Ó pè é, ó tún un pè. Mo ní, "Obìnrin wo lèyí ná? Kó dá bàbá yìí lóhùn kí ohùn rẹ̀ tó há!" Kẹ́hìndé fà mí ní ìró. Ó ní, "Màámi, ẹ̀yin mà ni." Ha! Aṣọ bọ́ lọ́wọ́ mi, mo sáré, bàtà mi kan kù sọ́nà. Èmi gan-an ni wọ́n ń wá, láti Kanifing.

Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ṣe iṣẹ́ yẹn. Í-méèlì yẹn ni mo ṣì ń lò dòní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ní Albert Market, Ìyá Ìbejì náà ni mo ṣì ń jẹ́, mo sì ń dáhùn tẹ̀ríntẹ̀rín. Àlàájì ti padà sílé ní Nàìjíríà. Lọ́jọ́ tó ń palẹ̀ ìsọ̀ rẹ̀ mọ́, ó rọra yọ bébà yẹn lára ògiri, oòrùn ti pa á láwọ̀ dà, igun kan ti ya. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún mi.

Ó ní, "Ìyá Ìbejì, gba orúkọ rẹ o."