Agbẹ̀bí àti Ọmọ Adìẹ Mẹ́fà

Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni Màmá Agbẹ̀bí fi gbẹ̀bí, kò sì fìgbà kan sọ fún aláboyún pé akọ tàbí abo ló wà níkùn rẹ̀. Ìyá ọkọ tó bá fẹ́ fi ìbéèrè yọ ọ́ lẹ́nu, èsì kan náà ni: "Ẹ jẹ́ kó délẹ̀ ná, ojú gbogbo wa ni yóò ṣe." Àfi ìgbà tó fẹ̀yìn tì, tó ra ọmọ adìẹ mẹ́fà sẹ́yìnkùlé, tó wá di ẹni tó ń ṣí ìyẹ́ adìẹ wò láàárọ̀, lọ́sàn-án.

Ẹyin ló ń wá. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló wà, ó sì fẹ́ kó máa rí ẹyin jẹ. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí adìẹ wọlé, ìyá ìkókó yọjú lójú fèrèsé, ó fajú ro.

"Màámi, ọmọ yìí ò jẹ́ kí n sùn. Bí àkùkọ kan bá fi kọ nínú ilé yìí, mo ti di ẹrù mi lọ sílé ọkọ nìyẹn."

Yéè! Ọdún mẹ́ta gbáko ni ilé yìí fi dákẹ́ lẹ́yìn ikú baálé. Ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbóhùn ọmọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó fẹ́ kí wọ́n lọ kẹ̀?

Káfíńtà tó múlé tì í ló fún un lọ́gbọ́n. "Màmá, ẹ máa wo ogbe orí wọn. Ti akọ kì í pẹ́ pọ́n. Ẹ tún wo ìyẹ́ ìdí ìrù: ti akọ á ṣe ṣóńṣó, ti abo á rí kìrìbìtì." Kò pẹ́ tí ogbe ọ̀kan fi pọ́n. Kíá ló gbé e fún káfíńtà.

Ṣé ara wá balẹ̀? Rárá o. Èyí tó ń pè ní Dúdú ń bá gbogbo wọn jà. Ẹsẹ̀ aláwọ̀ eérú ki jù. Funfun nìkan ni kò fura sí. Jẹ́jẹ́ nìyẹn ń rìn, Màmá ní abo pọ́ńbélé ni. Kó tó jẹun, ó ti lọ wò wọ́n. Ó jẹun tán, ó tún lọ. Ilẹ̀kùn onírin ẹ̀yìnkùlé á han gooro, á tún gbá gbàmù, ìkókó á sì figbe ta nínú yàrá. "Pẹ̀lẹ́ o, ọkọ mi," ni yóò wí. Lọ́jọ́ kan, ó ń wẹ̀ lọ́wọ́ ló gbọ́ ohùn kan. Ó sáré jáde tòun ti ọṣẹ lójú. Ayùn káfíńtà ni! Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ: bẹ́ẹ̀ nilé náà rí fún oṣù méjì.

Lọ́jọ́ tó lọ ra oúnjẹ adìẹ, ẹnu ọ̀nà ló ti gbọ́ ohùn kan bó ṣe ń bọ̀. Ohùn náà há, ṣùgbọ́n kíkọ àkùkọ ni. Àpò já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó máa dé ẹ̀yìnkùlé, Funfun, abo pọ́ńbélé, ló dúró lórí garawa, tó na ọrùn, tó tún kọ. Ọmọ rẹ̀ jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó gbé ìkókó lẹ́sẹ̀.

"Ṣebí o rí i pé mo gbìyànjú." Màmá nawọ́ sí Funfun. "Òní yìí ni n ó pa á. Jọ̀ọ́, má lọ."

"Màámi, ẹ rọra sọ̀rọ̀. Látìgbà tẹ́ ẹ ti jáde ló ti ń kọ. Látìgbà náà lọmọ ti ń sùn."

Màmá wo ìkókó. Àní ó ń hanrun.

"Àkùkọ kọ́ ni kì í jẹ́ kó sùn. Ilẹ̀kùn yẹn ni. Ẹ̀yin ni. Bẹ́ ẹ bá lè jókòó, mi ò lọ síbì kankan."

Màmá Agbẹ̀bí jókòó. Dúdú kọjá níwájú rẹ̀, ogbe rẹ̀ sì jọ pé ó ti ń pọ́n díẹ̀. Màmá fi ọwọ́ méjèèjì di orúnkún ara rẹ̀ mú, kó má baà dìde.