Ahọ́n Bàbá Karsimin

Bàbá Karsimin yọ ahọ́n. Díẹ̀ ni, ṣóńṣó rẹ̀ nìkan, bí ológbò tó ń tọ́ omi wò. Ó gbé àfọ́kù bíríkì náà súnmọ́ ẹnu. Ó di ojú òsì. Ojú ọ̀tún ṣì là sílẹ̀ gbàgàdà, kí ẹnikẹ́ni má baà jí nǹkan gbé kó tó lá a tán. Ó lá a lẹ́ẹ̀kan. Ó dúró. Ó gbé itọ́ mì bí ẹni tó jẹun yó.

"Èyí," ó ní, "àwọn tó ṣe é bẹ̀rù ọba wọn."

Inú gbọ̀ngàn abúlé ni wọ́n wà. Ọ̀mọ̀wé Sudarmaji láti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ló pe gbogbo àwọn tó ń mọ bíríkì ní Sumberbata jọ lọ́jọ́ náà, kó lè sọ̀rọ̀ nípa ọ̀làjú àwọn ará àtijọ́ fún wọn. Bí ti Bábílónì ṣe rí. Ti Íjíbítì. Ti Róòmù. Lẹ́yìn náà ti Majapahit, ìjọba ńlá àwọn baba ńlá wọn, tí àwókù rẹ̀ wà lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn gan-an. Ìdí ìpàdé náà kò fara sin. Ẹni tó bá gbẹ́ ilẹ̀ ní Sumberbata láti mọ bíríkì tuntun, bíríkì àwọn baba ńlá ló máa ń bá pàdé, ọ̀pọ̀ sì ń gún un di ìyẹ̀fun pupa tí àwọn kọ́lékọ́lé ń pò mọ́ iyanrìn. Ọ̀mọ̀wé fẹ́ kí ojú tì wọ́n. Ó gbé àfọ́kù mẹ́rin wá nínú páálí, ọ̀kan láti ìlú kọ̀ọ̀kan; ti Bábílónì ni Bàbá Karsimin kọ́kọ́ mú. Kò ronú rí pé ẹnì kan máa lá wọn.

"Báwo lẹ ṣe mọ̀, Bàbá?" Ọ̀mọ̀wé béèrè.

"Ṣé òǹtẹ̀ ọba kọ́ nìyí lára rẹ̀ ni? Ọba tó bá ń lẹ orúkọ mọ́ bíríkì kọ̀ọ̀kan, ó ní aládùúgbò bíi Tukiman ni."

Tukiman, tí ògiri ilé rẹ̀ kan ti Bàbá Karsimin, tí wọ́n jọ ń ṣeré láti kékeré, fò dìde. "Èmi? Kí ni mo jí?"

"Mi ò tíì mọ̀," ni Bàbá Karsimin dáhùn. "Mo ṣì ń wò ó ni."

Ó lá ti Íjíbítì. Koríko wà nínú rẹ̀. "Ẹ̀tàn! Wọ́n fi koríko dí i kó lè pọ̀ lójú ẹni tó ń rà á." Ó lá ti Róòmù, ó tutọ́. "Kí lèyí tó lẹ̀ mọ́ ọn?"

"Sìmẹ́ńtì wọn ni, Bàbá. Òun ló jẹ́ kí ilé wọn dúró di òní."

"Á jẹ́ pé bíríkì wọn ò fẹ́ràn ara wọn nìyẹn. Ọmọ ìyá méjì wo ló nílò àtè kí wọ́n tó lè jókòó pọ̀?"

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, nítorí wọ́n mọ ohun tó ń wí. Àwọn ará Majapahit kì í lo àtè. Wọ́n á bu omi sí bíríkì, wọ́n á máa fi í ra èkejì rẹ̀, títí ẹrẹ̀ pupa á fi jáde láàárín àwọn méjèèjì, tí wọ́n á sì di ara wọn mú. Gbogbo abúlé ló mọ̀ ọ́n sọ. Kò sẹ́ni tó ń ṣe é.

Àfọ́kù kẹrin lẹ̀ mọ́ ahọ́n rẹ̀. Ó ní láti fà á kúrò. "Tiwa ni," ó ní, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. Ó sì jù ú sínú àpò ẹ̀wù rẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ti ìjọba nìyẹn! Nọ́ńbà wà lára rẹ̀!"

"Nọ́ńbà wà lórí káàdì tèmi náà. Ṣé ìjọba ló bí mi ni?"

Ó gba ilé lọ.

Ìtàn yìí ni wọ́n ń sọ ní ọjọ́ keje tí Bàbá Karsimin kú, tí àwọn aládùúgbò jókòó sórí ẹní, tí wọ́n ń jẹ ìrẹsì àdúrà. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wuryani, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, rẹ́rìn-ín dé ìdajì. Ojú rẹ̀ wà ní ilé ìdáná, lára ibùsùn ọparun.

Ibẹ̀ ni bàbá rẹ̀ ń sùn láti nǹkan bí ogún ọdún. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbálẹ̀ abẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn ìsìnkú, Wuryani sún ibùsùn náà. Pákó. Ó gbé pákó kan. Ihò. Ó dá gbogbo rẹ̀ padà kíá bí ẹni tó ṣí ìlẹ̀kùn balùwẹ̀ bá àlejò.

Wúrà ló fi pamọ́ síbẹ̀, àwọn èèyàn ń wí. Ilẹ̀ Sumberbata a máa yọ wúrà àtijọ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, yẹtí tàbí òrùka, ẹni tó bá sì rí i tó gbé e pamọ́, olè ni lójú òfin. Ọ̀rọ̀ náà ti dé etí Ọ̀mọ̀wé Sudarmaji. Ó ti ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ lọ́sàn-án wá wò ó. Bó bá bá wúrà níbẹ̀, olè ni ọkùnrin tí wọ́n ń gbàdúrà fún yìí. Ọmọ olè sì ni Wuryani.

Ìwà bàbá náà nígbà ayé rẹ̀ kò kúkú ran ọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Ìgbà àkọ́kọ́ tí Ọ̀mọ̀wé wá gba àfọ́kù rẹ̀, ó lọ lọ́wọ́ òfo, Bàbá Karsimin sì dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ bọ́ bàtà yín."

"Mo ti ń lọ, Bàbá."

"Ìdí rẹ̀ nìyẹn. Ilẹ̀ mi wà lábẹ́ rẹ̀."

Ó mú igi, ó ha abẹ́ bàtà méjèèjì títí wọ́n fi mọ́, ó da erùpẹ̀ náà padà sí àgbàlá. Nígbà tí Ọ̀mọ̀wé tún padà wá, ẹsẹ̀ lásán ló fi wọlé. Bàbá Karsimin wò ó látòkè délẹ̀. "Wuryani, máa ṣọ́ ọkùnrin yìí o! Ta ló ń bọ́ bàtà wá sílé onílé, bí kò bá ti ń gbèrò àtisáré?"

Kódà ó ń fura sí tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n ń fi ibojì àwọn ọba Íjíbítì hàn nírọ̀lẹ́ kan, òkè òkúta gàgàrà. "Gbogbo iṣẹ́ yìí, nítorí òkú? Àwọn alààyè ńkọ́? Níbo ni wọ́n ń sùn?"

"Bàbá, wọ́n nílé tiwọn náà."

"Ó dáa. Ní kí wọ́n fi hàn mí." Wọn kò fi hàn. "Ṣé o rí i? Wọ́n ń fi nǹkan pamọ́."

Lójú tirẹ̀, ibi tí àwọn èèyàn bá to bíríkì tó dáa jù sí lèèyàn fi ń mọ̀ wọ́n. Àwọn kan tò ó sí ibojì. Àwọn kan tò ó sí ibi tí wọ́n ti ń wòran ìjà. Àwọn baba tiwa? Kànga, ojú àgbàrá, adágún ìwẹ̀. "Ẹni tó ń rùn ò lè lajú," bó ṣe máa ń wí nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ń wẹ̀ lójúmọ́, ó sì ń fura sí ẹni tó bá wẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ohun tó kọ Wuryani lóminú jù ni ariwo ọ̀sán. Bó bá ti oko ìrẹsì dé lójijì, á gbọ́ ọ láti ilé ìdáná. Ṣùù. Ṣùù. Ṣùù.

"Bàbá, kí lẹ ń ṣe níbẹ̀?"

"Mò ń lọ ata."

Bàbá rẹ̀ kò fẹnu kan ata láti ìgbà tí inú ti ń run ún. Á jáde wá, ọwọ́ rẹ̀ á pọ́n dé ìgbọ̀nwọ́. "Ata yìí le o," ni yóò wí, á sì kọjá lọ wẹ̀.

Ọ̀mọ̀wé dé lọ́sàn-án ọjọ́ keje náà. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó bọ́ bàtà, ó gbọn erùpẹ̀ abẹ́ rẹ̀ dànù sí àgbàlá. Kò sẹ́ni tó ní kó ṣe é. Tukiman tẹ̀ lé e wọlé, òun náà láìpè. Wọ́n sún ibùsùn. Wọ́n ká pákó. Ọ̀mọ̀wé tan tọ́ọ̀ṣì. Wuryani di ojú méjèèjì.

"Kò sí wúrà," ni Ọ̀mọ̀wé wí.

Adágún ìwẹ̀ ni. Ògiri rẹ̀ yí po bí etí àwo. Ipele méje ìsàlẹ̀ jẹ́ ti àtijọ́, kò sí àníàní. Ṣùgbọ́n márùn-ún tí ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ tò wà lórí wọn. Bíríkì àtijọ́ náà ni, èyí gùn, èyí kúrú, tí wọ́n ṣà jọ láti ibi púpọ̀. Ọ̀mọ̀wé ti èékánná bọ àárín wọn. Kò wọlé. "Kò sí sìmẹ́ńtì. Wọ́n fi wọ́n ra ara wọn ni." Ó gbójú sókè. "Iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún nìyí."

"Ó máa ń tọrọ àfọ́kù lọ́wọ́ wa," ni Tukiman wí wúyẹ́wúyẹ́. "Ó ní òun fẹ́ fi ti ẹsẹ̀ ibùsùn. Mo bi í nígbà kan, mo ní, Karsimin, ẹsẹ̀ mélòó ni ibùsùn rẹ ní gan-an?"

"Ta ló wá wó ipele òkè ti àkọ́kọ́?" Ọ̀mọ̀wé béèrè.

Tukiman jókòó sílẹ̀.

"Àwa méjèèjì ni. Ọdún tí òjò kọ̀, tí ìrẹsì kú sóko. A wó o, a gún un, a tà á fún kọ́lékọ́lé. Oyún rẹ wà nínú ìyá rẹ nígbà náà, Wuryani ọmọ mi. Ògiri yìí la jẹ lọ́dún yẹn. Ìwọ náà jẹ níbẹ̀." Ó fọwọ́ nu imú. "Olè ló ń mọ ẹsẹ̀ olè tọ̀ lórí àpáta. Ìdí tó fi ń ṣọ́ gbogbo ayé nìyẹn. Ogójì ọdún ló fi pè mí lólè láàárín ọjà, kò sì sọ ohun tí mo jí fún ẹnì kan rí."

Wuryani sọ̀kalẹ̀ sínú adágún náà. Ó fi ìka wá orúkọ bàbá rẹ̀ lára àwọn bíríkì, lọ́kọ̀ọ̀kan, láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ọba Bábílónì kọ orúkọ sára tirẹ̀. Bàbá Karsimin kò kọ ọ́ sí ìkankan. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ní ipele òkè, funfun, kékeré.

"Àfọ́kù mi!" Ọ̀mọ̀wé bú sẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó ń nù ún, ó ń nù ún.

Àlàfo kan ṣẹ́ kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà náà. Bíríkì kan àti abọ́ omi wà nílẹ̀ níbẹ̀, wọ́n ń dúró. Wuryani gbé bíríkì náà. Ó yọ ahọ́n díẹ̀. Ahọ́n náà lẹ̀ mọ́ ọn. Ó bu omi sí i, ó gbé e lé àlàfo náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ra èkejì rẹ̀. Ṣùù. Ṣùù.

"Wuryani, òfin ò gbà kéèyàn fi nǹkan kún ohun àtijọ́ o."

Kò dáwọ́ dúró. Ó di ojú òsì, ó la ti ọ̀tún. "Ọ̀mọ̀wé, kí ló wà lábẹ́ ẹsẹ̀ yín yẹn?"

Ọ̀mọ̀wé gbé ẹsẹ̀, ó wò ó. Kó tó gbójú sókè, bíríkì náà ti di èkejì rẹ̀ mú.

Láti ọjọ́ náà, Wuryani kò dáná nínú ilé ìdáná yẹn mọ́; ó fi í sílẹ̀ fún adágún náà. Ẹ̀yìnkùlé ló ti ń se ìrẹsì.