Òwú Tí Mo So Mọ́ Ìka Ìyàwó Mi

Òmùgọ̀ ni mí. Kí n tètè sọ ọ́, kí ẹni tó ń kàwé yìí má baà fi àsìkò ṣòfò láti wádìí rẹ̀. Mo ti ra rédíò tí kò ní ìfun nínú rí. Mo ti wọ bàtà òsì sí ẹsẹ̀ ọ̀tún lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì rí. Ṣùgbọ́n ti èyí kì í ṣe ohun ẹ̀rín. Mo fi òwú so ìka ìyàwó mi fún ọjọ́ méjì gbáko, nítorí pé èmi, ọkùnrin tó ń gbé irùngbọ̀n kiri, ń bẹ̀rù abẹ́rẹ́.

Bí àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi bá ń wo fọ́tò ìyàwó mi tó ti dolóògbé, wọ́n á bi mí pé, "Àǹkù, kí ló gé ìka Àǹtí?" Mo máa ń sọ pé agolo ni. Irọ́ kọ́. Òótọ́ náà sì kọ́.

Muchia, nílẹ̀ Hausa, ni à ń gbé nígbà náà, yàrá kan àti pálọ̀, nínú ilé tí ayálégbé mẹ́fà ti jọ ń lo ẹ̀rọ omi kan. Mẹ́sẹ́ńjà ni mí ní yunifásítì. Fáìlì ni mò ń gbé láti ọ́fíìsì kan sí òmíràn, ìwé mẹ́fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí n kò kà tán ni mo sì fi ń ka àkọlé ara wọn. Ìyàwó mi ló ní iṣẹ́ gidi lọ́wọ́. Onídìrí ni. Láti Samaru dé Sabon Gari, n kò rí ẹni tó ń fi òwú kó irun bíi tirẹ̀. Àwọn ìyàwó tíṣà yunifásítì, àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin, àwọn ará Kàbà àti Ọ̀fà tó ń ṣòwò lọ́jà, gbogbo wọn ló ń wá jókòó sórí àpótí láàárín orúnkún rẹ̀. Á fi ọwọ́ òsì di ìdì irun mú, á wá fi ìka ìfábẹ̀lá ọ̀tún, èyí tó tẹ̀lé àtàǹpàkò, darí òwú dúdú. Òwú á máa yí, á máa yí, títí irun á fi dúró gbọn-in bí ọ̀pá agboòrùn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò ní tú.

Ìka ìfábẹ̀lá. Àwọn baba wa tó sọ ọ́ lórúkọ rò pé ọbẹ̀ nìkan ni iṣẹ́ rẹ̀. Ọbẹ̀ náà ló sì bà á jẹ́.

Ìrọ̀lẹ́ Sátidé kan ni, ó ń se ọbẹ̀ lọ́wọ́, ó ní kí n bá òun ṣí agolo tòmátì. Ọbẹ ni mo fi ṣí i, ẹnu agolo wá rí págunpàgun bí eyín ayùn. Ó da tòmátì sínú epo, ó sì ti ìka bọ inú agolo láti fá ìyókù. Mo gbọ́ "Yéè!" kan ṣoṣo. Nígbà tí mo débẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ti pọ̀ ju tòmátì lọ.

Ìyá àgbà Hausa tó ń gbé yàrá tó kọjú sí tiwa sáré jáde. Òun ló bá wa tọ́ àwọn ọmọ wa méjèèjì. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi Hausa jà, tó jẹ́ pé ẹ̀bẹ̀ nìkan ni wọ́n ń fi Yorùbá bẹ̀.

"Sannu, sannu!" ló ń wí, pé pẹ̀lẹ́. Ó wo ọgbẹ́ náà, ó wá kọjú sí mi. "Asibiti," ó ní, pé ọsibítù ni. "Allura."

Allura ni abẹ́rẹ́. Nínú gbogbo Hausa tí mo gbọ́, òun ni mo kórìíra jù. Nígbà kan tí wọ́n ń gún àwọn ará ọjà Sabon Gari ní abẹ́rẹ́ onígbáméjì, èmi ni mo fẹ́ fo gọ́tà tó fẹ̀ ju ìṣísẹ̀ mi lọ. Àárín rẹ̀ ni mo bọ́ sí. Àwọn tó ń gún abẹ́rẹ́ rẹ́rìn-ín títí, wọ́n sì jẹ́ kí n máa lọ nítorí òórùn.

Ìyàwó mi fi ọwọ́ kejì di ọgbẹ́ náà mú. Ilẹ̀ ló ń wò.

"Èyí kò tó ohun tí à ń gbé lọ sí ọsibítù," ni mo wí. "Ẹ̀jẹ̀ lásán ni. Mo máa dá a dúró."

"Ẹ dá a dúró kẹ̀?" ni ìyàwó mi wí. "Ṣé dókítà ni yín ni?"

"Mo ń gbé fáìlì àwọn dókítà. Díẹ̀ á ti ràn mí."

Ó rẹ́rìn-ín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

Mo da epo òyìnbó sójú ọgbẹ́ náà. Mo mú òwú rẹ̀ nínú apẹ̀rẹ̀, mo sì kó o mọ́ ìdí ìka náà bí òun alára ṣe máa ń kó irun: mo yí i, mo fà á le, mo tún yí i, mo wá ta kókó mẹ́ta sí i. Ẹ̀jẹ̀ dá. Ẹ wá wo bí mo ṣe ń yan kiri nínú àgbàlá! Mo pe ìyá àgbà pé kó wá wo iṣẹ́ ọwọ́ mi. Ó wò ó, ó mi orí, ó ní, "Allah ya sauƙaƙa," pé kí Ọlọ́run mú un rọrùn. Mo wá fi aṣọ wé ìka náà.

Ìka náà ro ó títí ilẹ̀ fi mọ́. Ní ọjọ́ Sunday, ó ní kò ro òun mọ́, pé ó tiẹ̀ ń ṣe òun bí ẹni pé kò sí lára òun.

"Ṣé o ò rí i?" ni mo wí. "Ó ti ń san nìyẹn."

Nígbà tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ọwọ́ òsì ló ń fi lu itan. Èmi ń pa tèmi gbà-gbà-gbà, mò ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó yọ mí lọ́wọ́ abẹ́rẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ Monday, ó ká aṣọ tí a fi wé e kúrò. Ìka náà ti dúdú bí ìdí ìkòkò. Mo fọwọ́ kàn án, ó tutù. Mo lọ pe takisí.

Dókítà tó rí wa jẹ́ ọmọ Yorùbá, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ohùn rẹ̀ kò ròkè. Ó gbé ọwọ́ náà síbi ìmọ́lẹ̀ fèrèsé.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Ta ló so èyí?"

Mo la ẹnu. Ọlọ́run mọ̀ pé mo la ẹnu. Ohun tó yẹ kó jáde ni kò jáde.

"Èmi ni," ni ìyàwó mi wí.

"Ẹ̀yin fúnra yín? Ọwọ́ kan lẹ fi ta kókó mẹ́ta?"

"Onídìrí ni mí, sà."

Dókítà wò mí. Mo wo bàtà mi.

Ó ní ká ní a ti wá lọ́jọ́ Sátidé ni, wọn ì bá kàn rán an, ká sì máa lọ sílé. Báyìí, wọn ó gé e ní oríkèé kejì, kí jíjẹrà náà má baà wọ ọwọ́. Nọ́ọ̀sì mú àlùmọ́gàjí, ó gé òwú náà. Òwú ti rì sínú ẹran.

N kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Wọ́n ní mo ṣubú bí àpò àgbàdo, mo sì fi iwájú orí gbá etí bẹ́ńṣì. Nígbà tí mo lajú, ẹ̀jẹ̀ ti wọ̀ mí lójú, nọ́ọ̀sì sì dúró tì mí pẹ̀lú abẹ́rẹ́. Kò sí gọ́tà níbẹ̀. Ó gún mi lápá, ó rán iwájú orí mi.

Abẹ́rẹ́ náà kò dùn ju ìgbà tí tanpẹ́pẹ́ bá gé ni jẹ lọ. Tanpẹ́pẹ́ kan ṣoṣo. Mo bú sẹ́kún. Nọ́ọ̀sì rò pé abẹ́rẹ́ ló dùn mí. "Haba, malam!" ó ní, pé àgbàlagbà bíi tèmi! Nínú yàrá kejì, wọ́n ti ń gé ìka ìyàwó mi.

Nígbà tí ọgbẹ́ jinná, ó gbé àpótí rẹ̀ síta. Ó ń fi ìka àárín darí òwú, òwú ń yọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Irun tó yẹ kó lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta á tú ní ọjọ́ kẹta. Àwọn oníbàárà kò bú u. Ìyẹn gan-an ló burú. Wọ́n á ní kò sí wàhálà, wọ́n á kí i tìfẹ́tìfẹ́, wọn kò sì ní padà wá mọ́. Mo máa ń pàdé wọn tí mo bá ń gbé fáìlì kọjá, irun wọn dúró gbọn-in, iṣẹ́ ọwọ́ ẹlòmíràn.

Ó wá ń ta iyọ̀ àti ìṣáná lẹ́nu ọ̀nà. Bí ọjà kò bá tà, á máa fi kùkùté ìka náà yí òwú mọ́ ẹsẹ̀ àpótí. Á yí i, á tú u, á tún yí i.

Kò bá mi jà. Ká ní ó bá mi jà ni, ǹ bá sinmi.

Ọ̀kan péré nínú àwọn oníbàárà rẹ̀ ló ṣì ń wá kí i, ìyàwó tíṣà kan. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ta ló tiẹ̀ so ìka yìí fún yín tó le tó bẹ́ẹ̀?"

Mo wà lórí ẹní, mò ń jẹ ẹ̀wà. Mo rí i tí ìyàwó mi la ẹnu láti tún pa irọ́ kan náà. Mo gbé àwo sílẹ̀.

"Èmi ni," ni mo wí. "Èmi ni mo so ó. Abẹ́rẹ́ ni mò ń sá fún. Nítorí tèmi ló ṣe purọ́ fún dókítà."

Obìnrin náà wò mí, ó wo ìyàwó mi, ó sì rántí lójijì pé òun gbé nǹkan kaná sílé.

Ó ku àwa méjì. Mo ní kó sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ sí mi, kó bú mi, mo ti ń retí rẹ̀ láti ọjọ́ ọsibítù.

Ó fa òwú kan yọ nínú apẹ̀rẹ̀. Ó gba ọwọ́ mi, ó kó o mọ́ ìka ìfábẹ̀lá mi, ó ta kókó mẹ́ta sí i. Kí n tó ṣẹ́jú, ó ti fi ọwọ́ òsì nìkan tú u.

"Bàbá wọn," ó ní, "òwú niṣẹ́ mi. Ọjọ́ méjì ni kókó yín fi wà lọ́wọ́ mi. Ẹ rò pé n kò lè tú u ni? Èmi náà ń bẹ̀rù abẹ́rẹ́."