Ẹja Tí A Dá Padà Sódò

Mo ń bó ẹ̀gẹ́ lẹ́yìn ilé nígbà tí ìròyìn kàn wá pé tísà òyìnbó tuntun ń fi ìwọ̀ mú ẹja lódò, ó sì ń jù ú padà.

“Ó ń jù ú padà?” Ìyá ìyá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Yèyé, dìde nídìí ààrò tó ti ń yan ẹja tó ń tà. Òórùn èéfín ń ti ara ìró rẹ̀ bọ̀. “Gbéra, ìwọ tó gbọ́ òyìnbó.”

Ìwé mẹ́ta péré ni mo wà o!

Nígbà tí a débẹ̀, tísà ti fi táwẹ́ẹ̀lì nu ọwọ́ rẹ̀ gbẹ dáadáa. Ó tẹ́ epìyà ńlá kan sórí àpáta gbígbóná, ó ń fi rúlà wọ̀n ọ́n.

“Kí ló ń wọ̀n? Ṣé ó fẹ́ rán bùbá fún un ni?”

N kò túmọ̀ ìbéèrè Yèyé yẹn fún tísà.

Àmọ́ Yèyé na ìka sísàlẹ̀ odò. Àwọn ẹja tó ti jù padà láàárọ̀ ló léfòó sáàárín koríko, ikùn wọn funfun báláú. Ojú tísà rẹ̀wẹ̀sì. Ó ní òun rò pé wọ́n ti lọ ní àlàáfíà ni.

“Sọ fún un pé kò jẹ ẹ́, kò sì jẹ́ kó yè. Èwo ni tiẹ̀?”

Yèyé ri ọwọ́ méjèèjì bọmi kó tó gbé epìyà náà. “Yíyọ̀ ara rẹ̀ yìí laṣọ rẹ̀. Ọwọ́ gbígbẹ ló ń bọ́ ọ. Jẹ́ kó lọ ulé rẹ̀.”

Ó wọ odò dé orúnkún, ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbé e nínú omi, ó kọ orí rẹ̀ síbi tí omi ti ń ṣàn bọ̀. Ẹja náà ń fì sọ́tùn-ún, ó ń fì sósì bí ọ̀mùtí. Tísà ṣí fìlà. Mo gba àdúrà ṣọ́ọ̀ṣì wa tán, mo tún un bẹ̀rẹ̀. Ìjàgbọ̀n ẹja náà, tó fi ń mí, ṣí díẹ̀, ó pa dé, ó tún ṣí. Lójijì, ó fi ìrù da omi sí Yèyé lójú, ó lọ ràì!

“Kò tilẹ̀ dúpẹ́!” ni Yèyé wí, ó ń nu ojú. Tísà ń pàtẹ́wọ́ bí ọmọdé.

Láti ọjọ́ náà ni tísà ti ń ri ọwọ́ rẹ̀ bọmi kó tó mú ẹja. N kò lè búra pé gbogbo wọn ló yè. Yèyé sì kú láìgbà pé eré gidi ni kéèyàn máa mú ẹja, kó sì máa jù ú padà.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ mi fi apẹ̀rẹ̀ mú ẹja kékeré kan lódò. Ó gbá a mọ́ àyà, ó ní òun fẹ́ kó lọ bá ìyá rẹ̀. Mo ní, “Ọmọ mi, má fún un mọ́ra. Gbé e sínú omi, kó o sì rọra gbé ọwọ́ sí i lábẹ́. Má tíì fi í sílẹ̀. Dúró kí òun fúnra rẹ̀ fi ẹ́ sílẹ̀.”