Ọ̀sán Ọjọ́ Tí Nọ́ńbà Há

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Akpakpa, ní Kútọnu, ọmọdé kì í fọwọ́ kan ẹran inú àwo kí àgbà tó mú tirẹ̀. Bí bàbá wa bá jáde lọ kí ẹnìkan, oúnjẹ á tutù, àwa ọmọ á jókòó yí i ká, a ó máa gbé itọ́ mì. Mo ń bi ara mi léèrè báyìí bóyá lóòótọ́ ni ó máa ń pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, tàbí ohun tí ojú mi rí nígbà tí mo di ọ̀dọ́mọbìnrin ni ó mú kí n máa rántí rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ bá mi gbé e wò.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì Abomey-Calavi ni, mo sì ríṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ kan tí ń bá àwọn oníṣòwò gba ẹrù jáde ní èbúté Kútọnu. Ẹ̀gbọ́n kan wà níbẹ̀ tí ó kọ ètò kọ̀ǹpútà tí gbogbo wa ń lò. Èmi ni mo máa ń bá a ka ohun tí ó kọ.

Èdè méjì ni ó wà nínú irú ètò bẹ́ẹ̀. Èdè kìíní ni ó ń bá òṣìṣẹ́ sọ̀rọ̀ lójú ẹ̀rọ. A ó wá ki àwọn àṣẹ èdè kejì bọ inú rẹ̀, àwọn tí ń bá ibi tí a kó àkọsílẹ̀ pamọ́ sí sọ̀rọ̀. Àṣẹ kan á di àkọsílẹ̀ mú kí ẹlòmíràn má baà fọwọ́ kàn án. Lẹ́yìn náà, ọ̀nà méjì péré ni ó kù: àṣẹ ìfìdímúlẹ̀, tí iṣẹ́ náà yóò fi dúró títí, tàbí àṣẹ ìdápadà, tí yóò pa á rẹ́ bí ẹni pé a kò bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ rárá. Àfi bí ọ̀kan nínú méjèèjì bá wáyé, ẹ̀rọ kì í tú ọwọ́ sílẹ̀.

Àṣà ọ́fíìsì wa sì ni pé àwa lè parí ẹrù kéékèèké fúnra wa, ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ẹrù kọ̀ńtéénà, ọ̀gá nìkan ni ó ń tẹ bọ́tìnì ìkẹyìn, èyí tí ń fi àṣẹ ìfìdímúlẹ̀ ránṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n bọ̀wọ̀ fún àṣà yìí nínú ètò rẹ̀: ẹ̀rọ á mú nọ́ńbà tí ó kàn fún ìwé tí ẹrù yóò fi jáde, á dì í mú ṣinṣin, á wá dúró de ọ̀gá.

Ní ọjọ́ Ẹtì kan, bí n kò bá ṣì í rántí, obìnrin Ìjẹ̀bú kan tí ó ti pẹ́ tí ó ń tajà ní Kútọnu wá gba kọ̀ńtéénà ẹja yìnyín. Ó ní ẹ̀rọ tí ń mú un tutù ti ń kọṣẹ́, àti pé bí ẹrù náà kò bá jáde kí wọ́n tó ti géètì èbúté nírọ̀lẹ́, ó di ọjọ́ Ajé, ẹja á sì ti jẹrà. A tẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sínú ẹ̀rọ kíá. Ẹ̀rọ mú nọ́ńbà. Àṣé ọ̀gá ti lọ síbi ìsìnkú ní Àjàṣẹ́, kò sì tíì sí fóònù alágbèéká lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Kò pẹ́ tí gbogbo kọ̀ǹpútà yòókù fi dúró gbagidi, nítorí ibi kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ti ń mú nọ́ńbà, ẹrù màmá sì ti dì í mú. Èrò kún ẹnu káńtà.

"Ẹ bá mi tẹ̀ ẹ́ o jàre," ni màmá náà wí.

"Màmá, ẹ má bínú, ọ̀gá ló ń tẹ̀ ẹ́," ni Ẹ̀gbọ́n dáhùn.

"Ṣé ọ̀gá yín ló bí bọ́tìnì ni? Ẹja tèmi ò mọ ọ̀gá o!"

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin kan kígbe lẹ́yìn rẹ̀ pé, "Ìyá ẹlẹ́ja, ẹ yà fún wa, ká rọ́nà lọ!"

"Ẹrù tìẹ kì í jẹrà, ìdí nìyẹn tí ẹnu ẹ fi mú!"

Ẹ̀gbọ́n lè fi àṣẹ ìfìdímúlẹ̀ ránṣẹ́ láti ìdí ẹ̀rọ tirẹ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn á jẹ́ pé ó fọwọ́ ṣáájú ọ̀gá, iṣẹ́ sì lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo ilẹ̀kùn, ó wo èrò, ó sì fi àṣẹ ìdápadà ránṣẹ́.

Lójú ẹsẹ̀, gbogbo kọ̀ǹpútà jí. Nọ́ńbà tí ó bọ́ lára ẹrù màmá ni ọkùnrin tí ń kígbe náà gbà. Àkọsílẹ̀ ti màmá sì di òfìfo, bí ẹni pé kò dé ọ̀dọ̀ wa rí. Bí a bá sì tún un tẹ̀, a ó tún dá iṣẹ́ gbogbo ilé dúró ni.

"Ẹ ti tú gbogbo wọn sílẹ̀," ni màmá rọra wí, "ẹ wá fi èmi nìkan há síbẹ̀."

Lójú ìrántí mi, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì títí ọ̀gá fi dé lẹ́yìn tí géètì ti tì, mo bu omi fún un, kò mu ún. Ṣùgbọ́n Ẹ̀gbọ́n sọ fún mi láìpẹ́ yìí pé màmá ti lọ tipẹ́ kí ọ̀gá tó dé, àti pé kò sí ẹni tí ó bu omi fún ẹnikẹ́ni. N kò mọ èyí tí ó jẹ́ òtítọ́. Ohun tí àwa méjèèjì jọ rántí ni pé ẹja náà jẹrà.

Ayé ti yí padà. Ọmọ mi ń kọ irú àṣẹ wọ̀nyẹn lónìí. Ó ní bí ẹ̀rọ bá ti mú nọ́ńbà báyìí, kíá ló ń fi í sílẹ̀, kì í dúró de ọwọ́ àgbà kankan. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìwé kan tí mo fẹ́ gbà lọ́wọ́ ìjọba há lórí fóònù ní oṣù tó kọjá, "ẹ dúró" nìkan ni ó ń kọ sí mi. Mo tẹ̀ ẹ́, mo tún un tẹ̀, títí mo fi gbójú sókè nínú yàrá mi tí mo rí i pé kò sí ẹnìkan níbẹ̀ tí mo lè pariwo lé lórí bí màmá ẹlẹ́ja ti ṣe.